Sàká Lórí Wúrà Alábùlà: Ìlànà Ìṣirò fún Àwọn Mùsùlùmí Bassila àti Manigri

Ìfáárà

Ní ẹkùn Donga, ní orílẹ̀-èdè Benin, Bassila àti Manigri wà lápá ọ̀nà tó gba Savalou àti Bantè lọ sí Djougou, wọn kò sì jìnnà sí ẹnubodè Togo. Èdè Anii ni wọ́n ń sọ ní Bassila. Ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ti Manigri. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní agbègbè náà tipẹ́, nítorí Djougou jẹ́ ibùsọ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ń kó obì láti Salaga, ní ilẹ̀ Gonja, lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ìlànà Ìmáàmù Màlíkì ló gbilẹ̀ níbẹ̀, bó ṣe gbilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Wúrà tí Alhája rà bọ̀ láti Mẹ́kà sábà máa ń jẹ́ kárátì 21. Èyí tó rà ní Cotonou tàbí Lomé lè jẹ́ 18, ti Dubai sì lè jẹ́ 22. Gbogbo wọn lè wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Báwo ni a ó ṣe yọ sàká wọn? Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìbéèrè méjì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: kí ni wọ́n tọ́jú wúrà náà fún, èló sì ni ojúlówó wúrà tó wà nínú rẹ̀?

Ìwọ̀n tí sàká fi ń di ọ̀ranyàn

Mítíkálì 20 ni ìwọ̀n wúrà tí sàká ti ń bẹ̀rẹ̀. Gíráàmù 85 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní kà á sí. Ti fàdákà jẹ́ dírámù 200, ìyẹn gíráàmù 595. Bí ọdún òṣùpá kan bá yí po lórí rẹ̀, ìdá kan nínú 40 ni a ó yọ.

Ojúlówó wúrà, kárátì 24, ni gíráàmù 85 yìí. Bí a bá fẹ́ rí i nínú wúrà alábùlà, ìwọ̀n yóò pọ̀ sí i: kárátì 22 yóò tó nǹkan bíi gíráàmù 92.7, kárátì 21, 97.1, kárátì 18, 113.3, kárátì 14, 145.7.

Èrò àwọn onímọ̀ lórí àbùlà

Khalil ibn Ishaq, onímọ̀ Màlíkì ará Íjíbítì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ìwé rẹ̀, Mukhtasar. Bí owó wúrà alábùlà bá ń ná lọ́jà bí èyí tó pé, a ó kà á sí èyí tó pé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ojúlówó inú rẹ̀ nìkan ni a ó ṣírò. Ẹ̀gbà ọwọ́ kárátì 18 kì í ná bíi ti kárátì 24 lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kankan, nítorí náà ìdájọ́ kejì ló kàn án. Àwọn Ṣáfíì náà ń wo ojúlówó. Ní ti àwọn Hànáfì, èyí tó bá pọ̀ jù ló ń ṣe ìdájọ́: bí wúrà bá ju àbùlà lọ, wúrà ni gbogbo rẹ̀.

Wúrà ìwọ̀ṣọ́ àti wúrà ìpamọ́

Lójú àwọn Màlíkì, kò sí sàká lórí wúrà tí obìnrin ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn Hànáfì ní sàká wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí Màlíkì fi sílẹ̀ kò gbòòrò tó bí àwọn kan ṣe rò. Khalil yọ wúrà tí wọ́n tọ́jú de ọjọ́ ìṣòro, èyí tí wọ́n fẹ́ fi san sàdáàkì, àti èyí tí wọ́n ní lọ́kàn láti tà, kúrò nínú ìdáríjì náà. Bí òkúta olówó iyebíye bá wà lára rẹ̀, ìwọ̀n wúrà nìkan ni a ó kà. Bí òkúta náà kò bá ṣeé yọ láìbà á jẹ́, a ó fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ìṣirò

Ká ní obìnrin kan ní Manigri tọ́jú wúrà de ọjọ́ ìṣòro: gíráàmù 60 ti kárátì 18, gíráàmù 40 ti kárátì 21, gíráàmù 12 ti kárátì 22. A ó fi kárátì kọ̀ọ̀kan sọ ìwọ̀n rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì fi 24 pín in. Èyí yóò fún wa ní 45, 35 àti 11. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 91 ojúlówó. Ó ti kọjá 85, sàká rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 2.275. Bó bá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò ní rí sàká kankan. Bó bá sì wọn gíráàmù 112 náà bí ojúlówó, yóò san 2.8, èyí tó ju ẹ̀tọ́ lọ.

Àwọn Màlíkì gbà kí a fi owó san án ní iye ọjọ́ náà. Bí gíráàmù ojúlówó kan bá jẹ́ 60,000 fáráǹkì séfà, 136,500 ni yóò san.

Ẹlòmíràn ní gíráàmù 100 ti kárátì 18. Ojúlówó rẹ̀ jẹ́ 75, kò tó. Ṣùgbọ́n àwọn Màlíkì máa ń da wúrà pọ̀ mọ́ fàdákà: bó bá ní fàdákà ojúlówó gíráàmù 70, tàbí owó tó tó gíráàmù wúrà 10, sàká ti di ọ̀ranyàn.

Mímọ kárátì

Òǹtẹ̀ ara wúrà ni a kọ́kọ́ ń wò: 750 ni kárátì 18, 875 ni 21, 916 ni 22. Bí kò bá ní òǹtẹ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà yóò fi òkúta ìdánwò àti ásíìdì yẹ̀ ẹ́ wò. Òṣùwọ̀n inú omi tún wà, tí onímọ̀ kan láyé àtijọ́, al-Khazini, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Ojúlówó wúrà wúwo tó ìlọ́po 19.3 omi. Ẹ̀gbà ojúlówó tó jẹ́ gíráàmù 38.6 lókè yóò dín gíráàmù 2 nínú omi. Ti alábùlà yóò dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà yìí kò ṣeé gbára lé fún ẹ̀gbà oníhò tàbí èyí tó ní òkúta lára.

Àgbálọgbábọ̀

Ìlànà Màlíkì ní ojútùú fún wúrà oríṣiríṣi: a ó yọ èyí tí obìnrin ń wọ̀ sílẹ̀, a ó sọ ìyókù di ojúlówó, a ó kó o pọ̀ mọ́ fàdákà àti owó, lẹ́yìn náà ni a ó yọ ìdá kan nínú 40. Ẹ̀tọ́ irú ènìyàn mẹ́jọ tí Súrà Tawba, ẹsẹ̀ 60, dárúkọ ló wà níbẹ̀. Kò tọ́ kí àìmọ̀ṣirò jẹ́ kí ó sọnù. Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn lèmọ́ọ̀mù Bassila àti Manigri ni pé kí wọ́n pe àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà jókòó, kí wọ́n kọ ìṣirò yìí ní èdè Anii àti Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri mọ́sálásí.