Omi Òyìnbó, Iṣẹ́ Òyìnbó: Ìwà Ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti Iṣẹ́ Ìlú ní Èkó

Ní ọdún 1908, ariwo ńlá kan sọ ní ìlú Èkó. Ìjọba Gómìnà Walter Egerton gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wá sí àárín ìlú, wọ́n sì ní kí àwọn onílé máa san owó lé e lórí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé irú omi bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Omi kànga ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Èkó ń mu láyé ọjọ́un, ilẹ̀ Èkó kò sì ga ju ọ̀sà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ṣáláńgá àti kànga kì í jìnnà sí ara wọn nínú agbo ilé. Yorùbá ní a kì í bá omi ṣọ̀tá. Síbẹ̀, àwọn ará Èkó bá omi yìí ṣọ̀tá. Èṣùgbàyí Elékò àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ̀ ọ́. Herbert Macaulay kọ̀ ọ́. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa, tí àwọn méjèèjì mọ̀ dájú ohun tí omi àìmọ́ ń ṣe nínú ikùn ọmọdé, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an, ọ̀rọ̀ owó omi sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà dìde sí. Èrò rọ́ lọ sí ilé Gómìnà láti sọ pé àwọn kò fẹ́.

Báwo ni dókítà yóò ṣe lòdì sí omi tó mọ́? Ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó kò gba ìrònú púpọ̀. Wọ́n ní ènìyàn dúdú kò mọ ohun tí ó dára fún un, àti pé bí ó bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò ní fẹ́ yọwó lápò. Ìdáhùn yìí kò tíì kú tán. A ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwa fúnra wa nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí bá délẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 1908 yìí kan náà ni a dá Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ní 1913, ti Ìbàdàn àti ti Ìjẹ̀bú-Òde tẹ̀ lé e, Ẹni-Ọ̀wọ̀ W. B. Euba sì dá Eko Boys' High School sílẹ̀ ní Èkó. Owó ìjọ, owó òbí àti owó ará ìlú ni ó gbé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ró. Àwọn tí wọ́n ń dá owó sínú àwo ìjọ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ahun. Ohun kan ni ó mú kí wọ́n mú owó jáde fún èyí, tí wọ́n sì di àpò mọ́ èyíinì.

Èdè wa pàápàá lè tọ́ka ibi tí ó yẹ kí a wò. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọba ni ó ń pàṣẹ, ọ̀nà tí gbogbo ìlú bá jọ yẹ̀ ni à ń pè ní ọ̀nà ọba, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé tiwọn ni. Nígbà tí ìjọba àjèjì dé, iṣẹ́ tí à ń ṣe fún un di iṣẹ́ òyìnbó. Orúkọ yìí kì í ṣe àwàdà. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ òyìnbó mọ̀ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni òun ń ṣe, ẹni tí ó sì ń wò ó láti òde mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Èkó ní àwọn òyìnbó ni wọ́n bèèrè fún omi ẹ̀rọ, nítorí náà kí wọ́n san owó rẹ̀. Bí a kò bá mọ ohun tí ojú wọn ti rí ṣáájú 1908, ọ̀rọ̀ yìí yóò dà bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Kì í ṣe pé ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. William MacGregor tí ó ṣe Gómìnà Èkó láti 1899 títí di 1904 jẹ́ dókítà. Ní àkókò yẹn, àwọn ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ń sọ pé ọ̀nà tí òyìnbó fi lè bọ́ lọ́wọ́ ibà ni kí ó kó kúrò láàárín ènìyàn dúdú, kí ó lọ dá gbé. MacGregor kò gbà. Ó ní kí a gbẹ́ omi inú àbàtà kúrò, kí a fún tòyìnbó tènìyàn dúdú ní oògùn kuniní, kí a sì kọ́ gbogbo ìlú ní ìmọ́tótó. Kí ni ìlú ṣe? Ní 1901, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó, ìyàwó àti ọmọ àwọn ẹni ńláńlá, dá ẹgbẹ́ Lagos Ladies' League sílẹ̀. Wọ́n ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń pín kuniní, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá ọmọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú ìkókó kí ikú ọmọ wẹ́wẹ́ lè dínkù. Ọdún méje péré ni ó wà láàárín ẹgbẹ́ yìí àti ariwo owó omi. Ìlú kan náà ni, ìdílé kan náà sì ni nígbà mìíràn, nítorí pé ìyàwó Dókítà Obasa, Charlotte, wà lára àwọn obìnrin tí iṣẹ́ yẹn jẹ lọ́kàn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méje náà ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, West African Medical Staff, òfin àjọ náà sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Àwọn dókítà dúdú tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni a kọ orúkọ wọn sí ìwé ọ̀tọ̀. Owó oṣù wọn kéré sí ti òyìnbó, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣe ọ̀gá lórí òyìnbó kankan, ì báà jẹ́ pé àná ni onítọ̀hún jáde ní ilé ẹ̀kọ́.

Ta ni àwọn tí a ṣe báyìí sí? Dókítà Obadiah Johnson wà lára àwọn dókítà dúdú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba Èkó ṣáájú òfin yìí. Ó gba oyè ìjìnlẹ̀ ìṣègùn ní Edinburgh, òun sì ni àbúrò Ẹni-Ọ̀wọ̀ Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. John Randle náà ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí kí ó tó bínú kúrò. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti Dókítà Oguntola Sapara, tí ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1896 tí kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1928. Nígbà tí ilẹ̀ẹ́gbóná ń pa ènìyàn bí ẹni ń pa eṣinṣin, Sapara fi ara pamọ́ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń tan àrùn náà kálẹ̀. Òyìnbó wo ni ó lè dán irú rẹ̀ wò? Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1902 kò bèèrè ohun tí dókítà mọ̀. Àwọ̀ òbí rẹ̀ ni ó bèèrè. Macaulay náà kò ṣe àjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó rán an lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Plymouth. Ó padà wá wọn ilẹ̀ fún wọn, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898.

Nítorí náà, nígbà tí Egerton dé pẹ̀lú omi, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bá a ṣàlàyé fún ìlú ni àwọn tí ìjọba ti tì síta. Ẹnu ta ni yóò wá gbà á gbọ́? Wọ́n parí iṣẹ́ omi Ìjù ní 1915, nígbà tí Lugard ti di olórí gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ gba owó omi ní 1916, ariwo tún sọ. Ní 1917 ni òfin ìlú ńláńlá tún jáde, tí ó fi ẹsẹ̀ àdúgbò òyìnbó lọ́tọ̀ múlẹ̀. Ìlànà Lugard ni pé kí gbalasa ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní 440 yáàdì wà láàárín àdúgbò òyìnbó àti ti ènìyàn dúdú, nítorí pé, ní tiwọn, inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ dúdú ni ẹ̀fọn ti ń gbé ibà wá fún òyìnbó. Ilé ìwòsàn òyìnbó wà lọ́tọ̀, ti ènìyàn dúdú wà lọ́tọ̀. Inú àpò kan ṣoṣo sì ni owó méjèèjì ti ń jáde.

Kò yẹ kí a torí èyí sọ àwọn olórí Èkó di áńgẹ́lì. Onílé ni a bu owó omi lé, onílé sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí ohùn wọn ròkè jù. Ẹ̀rù tún ń bà wọ́n pé ìjọba tí ó bá gba owó lórí ilé lónìí lè gba ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́la, ẹ̀rù yìí kì í sì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ìmọtara-ẹni-nìkan nìkan kò lè kó èrò jáde bẹ́ẹ̀. Ìjọba ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ìlú láti máa wo àwọ̀ ẹni tí ohun kan wà fún kí wọ́n tó wo ohun náà fúnra rẹ̀.

Ní Èkó, òyìnbó kò nílò láti dìbò kí ó tó fi owó ìlú ṣe ohun tí ó wù ú, nítorí náà kò rọrùn láti mọ ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá ní kí ó bá ènìyàn dúdú pín nǹkan lọ́gbọọgba. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èyí ti hàn gedegbe, nítorí pé ìbò wà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun níbẹ̀. Ní 1913, lábẹ́ Ààrẹ Woodrow Wilson, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya òṣìṣẹ́ dúdú sọ́tọ̀ ní iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti ti ìṣúná. Ní 1914 wọ́n ní kí ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ìjọba fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ wá sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó ni ọgbà ìgbafẹ́ ìlú Montgomery, ìjọba ìlú náà ti gbogbo ọgbà pa ní ọjọ́ kìíní ọdún 1959, wọ́n sì ta àwọn ẹranko inú rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, àgbègbè Prince Edward ní Virginia ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba pa kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun má baà jókòó pọ̀, wọn kò sì ṣí wọn títí di 1964. Àwọn òbí tí wọ́n ti ń san owó orí fún ilé ẹ̀kọ́ láìráhùn ni wọ́n ṣe èyí. Ará Èkó kọ omi nítorí pé wọ́n gbà pé ti òyìnbó ni. Òyìnbó Virginia kọ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nígbà tí kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan mọ́.

Ní Nàìjíríà, ìjà náà kúrò lórí omi, ó bọ́ sórí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá ní 1934, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò níyì kọjá Nàìjíríà; ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ yóò jáde gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà, abẹ́ òyìnbó ni yóò sì wà. Ìbínú yìí ni ó bí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó, tí Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies dá sílẹ̀, tí ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1936. Lásìkò ogun Hitler, nígbà tí ọjà gbówó lórí, wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó ní owó ìrànwọ́ nítorí ìdílé wọn tí ó wà lókè òkun; nígbà tí òṣìṣẹ́ dúdú bèèrè, wọ́n ní kò sí owó. Ní oṣù kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn mìíràn, tí Michael Imoudu wà lára olórí wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù kan. Ọkọ̀ ojú irin dúró, ìyà sì jẹ ará ìlú. Síbẹ̀, àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alimotu Pelewura ṣe olórí wọn, wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́, Hubert Ogunde sì fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ṣe eré tí ó pè ní Strike and Hunger.

Ní oṣù kejì 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Ivor Cummings, ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì Bristol kò gbà á sílé nítorí àwọ̀ rẹ̀. Èkó gbaná jẹ, Gómìnà Arthur Richards sì pàṣẹ láìpẹ́ pé a kò gbọdọ̀ ya ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ibi ìjọba mìíràn sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kankan mọ́. Ní 1948, ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ gba àjèjì sí iṣẹ́ ìjọba bí ọmọ Nàìjíríà tí ó yẹ bá wà.

Ṣé ará ìlú wá fẹ́ràn owó orí lọ́jọ́ kan? Rárá o. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lábẹ́ Obafemi Awolowo bu ṣílè 10 àti sísì lé àgbà lórí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera ní Ìwọ̀-Oòrùn, ènìyàn dúdú ni ó bù ú, ènìyàn dúdú ni ó fẹ́ gbà á, síbẹ̀ ìlú fi ìbò sọ̀rọ̀ ní 1954: ẹgbẹ́ Alákùkọ ni ó borí nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní agbègbè náà. Ìwà tí ìlú ti kọ́ fún àádọ́ta ọdún kò lè tán nítorí pé àwọ̀ agbowó yí padà. Ní oṣù kìíní 1955, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 lọ́dún yẹn. Kò sí kíláàsì ọmọ funfun, kò sí ti ọmọ dúdú. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ akọ̀wé jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Nígbà tí ìdìbò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dé ní 1956, àwọn tí wọ́n bínú nítorí owó náà ti rí ohun tí a fi ṣe, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì wọlé padà. Èkó, tí a ti yà kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1957.