Oṣù kan ní Gold Coast, oṣù kan nílé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa kọ ọ́ sórí WhatsApp ìlú pé òun ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Accra, torí pé cedi kan ti ju ọgọ́rùn-ún náírà lọ. Ó ní ẹni tó bá ń gba 1,000 cedi lóṣù, kíá, ó ti lé ní 100,000 náírà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò bá a jà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn rán mi létí àwọn bàbá wa tó ti rin ọ̀nà yẹn ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ tajà ní Kumasi àti Tamale, ìṣirò rọrùn. Láti 1912 ni West African Currency Board ti ń ṣe owó kan náà fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ṣílè tí wọ́n ń ná ní Kumasi ni wọ́n ń ná lọ́jà wa níbí, kò sí pé à ń ṣẹ́ owó. Bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: yọ owó ilé, yọ owó oúnjẹ, yọ owó èsúsú, ohun tó bá kù lọ́wọ́ rẹ nígbà tí oṣù bá parí, òun ni Gold Coast fún ọ. Ẹni tí nǹkan kan ò kù lọ́wọ́ rẹ̀, kó palẹ̀ mọ́, kó máa bọ̀ nílé.

Nígbà tí òmìnira dé, kálukú ṣe owó tirẹ̀. Gánà bẹ̀rẹ̀ pọ́n-ùn tirẹ̀ ní 1958, tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1959. Ní 1961, ìjọba Nkrumah ṣòfin tó fi ìjánu sí owó tó ń jáde kúrò ní Gánà. Látìgbà náà, èèyàn lè jèrè dáadáa lóṣù kó má sì rọrùn fún un láti fi ránṣẹ́ sílé. Cedi dé ní 1965. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà lórí WhatsApp yìí rántí bí àwọn èèyàn wa ṣe dé, ẹlòmíràn pẹ̀lú ẹrù orí nìkan. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, wọn ò kà á mọ́ ìṣirò oṣù kankan.

Ayé tún yí. Owó epo dé sọ́dọ̀ wa, àwọn ará Gánà ń wọlé wá, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa níléèwé. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn náà. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan tó lọ, orúkọ wọn ló sì kù lára báàgì yẹn títí dòní.

Àmọ́ ibi tí ọmọ wa ti ṣì í nìyí. Ní oṣù keje 2007, Gánà gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó wọn: 10,000 cedi àtijọ́ di cedi kan. Kò sí ẹni tó tìtorí ẹ̀ lówó sí i, òǹkà ló kúrú. (Soludo fẹ́ gé òdo méjì lára náírà lọ́dún yẹn kan náà, Yar'Adua ò gbà.) Ká ní wọn ò gé e ni, náírà kan ìbá máa ra ọ̀pọ̀ cedi lónìí. Ṣé ọmọ wa ìbá ṣì fẹ́ lọ?

Ẹ jẹ́ ká wo owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí. Ní 2025, Gánà fi sí 19.97 cedi lóòjọ́. Ọjọ́ 27 ni wọ́n ń kà fún oṣù, ó jẹ́ 539 cedi. Tí a bá ka cedi kan sí 130 náírà, ó di nǹkan bíi 70,000 náírà. Èló ni tiwa láti 2024? 70,000 náírà! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìṣirò yẹn kó tó dá mi lójú.

Owó ilé wá ńkọ́? Láti 1963 ni òfin Gánà ti sọ pé onílé ò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ní Accra ń gba ti ọdún kan, òmíràn ọdún méjì, kí wọ́n tó fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti kọ̀wé sí ọmọ wa lábẹ́lẹ̀ pé kó kọ́kọ́ béèrè iye tí ilé máa gbà. Kò tíì dá mi lóhùn.