Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Ń Gbèsì: Ìtàn Bí Ọ̀rẹ́ Ṣe Ń Pín Ìròyìn fún Ọ̀rẹ́

Lónìí, bí ilé ẹjọ́ bá dájọ́ lórí ìdìbò kan ní àárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ náà á ti dé orí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin, ti aláṣọ ní ọjà Gbági n'Íbàdàn, àti ti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kan á fi ṣọwọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnì kejì á fi àwòrán ẹ̀rín fèsì, ẹnì kẹta á ní irọ́ ni, ẹnì kẹrin á fi ìbínú jáde kúrò láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ àgbà ló gbà pé àṣà tuntun ni èyí, pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ àwọn ọmọ ìwòyí ní àríyànjiyàn. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìfẹ́ ìròyìn àti ìfẹ́ àríyànjiyàn ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó ń dúró fún ọ̀rọ̀ ni ó yí padà, ibẹ̀ sì ni ewu ti gba wọlé.

Kí ìwé tó dé, ọwọ́ àti ẹnu ìránṣẹ́ ni ìròyìn ń gbà rìn. Àrokò ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Bí owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ bá dé ọwọ́ ènìyàn, ó yé e pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun, nítorí ẹ̀fà ni iye owó náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ẹyọ méjì tó dojú kọ ara wọn ń sọ pé ojú ẹnì kejì ń wu ẹnì kìn-ín-ní í rí. Èyí tó kẹ̀yìn síra wọn ń sọ̀rọ̀ ìjà. Ṣùgbọ́n àrokò kì í dá rìn. Ẹni tó gbé e wá wà níbẹ̀, a lè bi í léèrè: ta ló rán ọ, ìgbà wo lo kúrò lọ́hùn-ún, ṣé ojú rẹ ló ṣe àbí o gbọ́ ọ ni? Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n tún sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìránṣẹ́ kì í ṣe àpò lásán tí a di ọ̀rọ̀ sí. Ó gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ yẹ ohun tó ń gbé wò kó tó jẹ́ ẹ fún ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ CMS, tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ìwé náà ń jáde, 120 owó ẹyọ sì ni iye tí wọ́n ń tà á. Ìròyìn ìjọ, ìbí àti ikú, òwò òwú àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ láàárín àwọn ìlú ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí pé àwọn tó mọ̀wé kà kò tíì pọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ni ó ń kà á sí etí àwọn yòókù. Ìwé ti dé lóòótọ́, síbẹ̀ ẹnu ẹni tí a mọ̀ ni ìròyìn ṣì ń gbà bọ́ sí etí. Ìgbà tí rúkèrúdò Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí wọ́n ba ilé àwọn òyìnbó ìjọ jẹ́ ní Abẹ́òkúta, ni ìwé ìròyìn náà kógbá sílé.

Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ìwé ìròyìn Yorùbá wá gbilẹ̀. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Ẹlẹ́tí Ọfẹ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yoruba News n'Íbàdàn ní 1924, I. B. Thomas sì dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Orúkọ wọn fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: akéde ni ẹni tó ń kígbe ọ̀rọ̀ káàkiri ìlú, ẹlẹ́tí ọfẹ sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kò lè bọ́ mọ́ létí. Àwọn òǹkàwé kì í dákẹ́. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, wọ́n ń jiyàn pẹ̀lú ara wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ní 1929, Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, ẹni tí ẹwà rẹ̀ mú kí ó gbé ìgbé ayé fàájì, tó sì wá di aláìsàn tó ń ka àbámọ̀. Títí di 1930 ni àwọn lẹ́tà náà ń jáde. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé láti bá a kẹ́dùn àti láti sọ èrò wọn nípa rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tọkàntọkàn fèsì fún ẹni tí kò sí láyé rárá.

Ohun tó burú ju ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní 1928. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́ ló gba ẹnu gbogbo Èkó, nítorí ìjọba amúnisìn ti yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n sì ti lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àhesọ kan wá ń lọ láti ẹnu dé ẹnu pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa ọba náà. Herbert Macaulay gbé àhesọ yìí sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News. Ìjọba gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Àwọn ọ̀rẹ́ Macaulay wí pé ọ̀tá ìjọba ni ìjọba fi ẹ̀wọ̀n bá jà, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì wí pé ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Bó ti wù kó rí, ohun kan dájú: ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó dúró fún un. Orúkọ rẹ̀ hàn, ọ́fíìsì rẹ̀ hàn, ó sì jìyà ohun tí ó tẹ̀ jáde.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ohùn mìíràn wọ Èkó. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ọ̀rọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan lọ sínú àpótí kékeré ní ilé àwọn tó bá sanwó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Ẹni tó ni àpótí náà lè gbé ohùn rẹ̀ sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Yorùbá wo ẹ̀rọ yìí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Ta wá ni àwọn tó ń gbọ́ ọ yóò fún lésì? Ara wọn ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìròyìn ogun ń jáde láti inú àpótí, àríyànjiyàn rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959: ẹni tí kò ní i ń wò ó lọ́dọ̀ ẹni tó ní i.

Ìdí igi tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pàtẹ sí náà di ilé ìgbìmọ̀ fún àwọn tí kò ní owó láti ra ìwé. Wọn a dúró, wọn a ka àkọlé, wọn a sì máa jiyàn. Nígbà tí ìjọba ológun wọ́gi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, èyí tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ti ń ṣáájú nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ Concord, Punch, Sketch àti àwọn mìíràn pa ní oṣù Keje, ẹ̀dà ìwé ìròyìn kan ṣoṣo di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nídìí àwọn àtẹ wọ̀nyí, ẹni tó bá purọ́ kò lè lọ jìnnà. Ìwé náà wà nílẹ̀. Ẹnì kan á ní kí wọ́n ṣí i wò.

Ní 2001 ni fóònù alágbèéká dé ọwọ́ àwọn ará ìlú, lẹ́yìn rẹ̀ ni Facebook àti WhatsApp tẹ̀ lé e. Asọ̀rọ̀mágbèsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèsì. Ọ̀rẹ́ tó wà ní Chicago lè dá sí ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìṣẹ́jú kan náà tí ó ń ṣẹlẹ̀, ìlú kò sì nílò àṣẹ olóòtú kankan kó tó sọ èrò rẹ̀. Èrè ńlá ni èyí jẹ́.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Ní oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lóru pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má bàa mú un. Wọ́n ní kí ẹni tó bá gbà á fi ṣọwọ́ sí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn. Ìyá jí ọmọ lójú oorun, ọ̀rẹ́ pe ọ̀rẹ́. Àwọn oníṣègùn àti ìjọba sáré kéde pé irọ́ ni, síbẹ̀ àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé ó kéré tán, èèyàn méjì kú nítorí omi iyọ̀, ọ̀pọ̀ sì dèrò ilé ìwòsàn.

Kò sí ọ̀tá nínú àwọn tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ẹni tó gbà á rí orúkọ ẹni tó mọ̀ lójú fóònù rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nítorí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà kò sì mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ó kàn jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an ni. Láyé àrokò, ẹni tí a mọ̀ ni ìránṣẹ́, a sì mọ ẹni tó rán an. Láyé Macaulay, orúkọ wà lórí ìwé. Lórí fóònù, ojú ọ̀rẹ́ ń dúró fún ọ̀rọ̀ tí kò ní olówó.

Ìjọba kò dákẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Òfin ìwé ìròyìn jáde ní Èkó ní 1903, òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1909, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì sì jáde ní 2015. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn Twitter pa pátápátá. Ìtàn fi hàn pé irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń tètè rí ẹni tó ń bá ìjọba wí ju ẹni tó ń parọ́ omi iyọ̀ lọ. Kò sí ọlọ́pàá tó lè dúró láàárín ìyá àti ọmọ ní aago mẹ́ta òru.

Ọ̀rẹ́ ló lè dúró níbẹ̀. Láti ayé ẹyọ títí dé ayé fóònù, ìbéèrè ẹni tó ń gbọ́ ni ó ń dá irọ́ dúró: ta ló sọ ọ́, níbo ni o ti rí i, ta ló tún jẹ́rìí sí i? Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí àrífín, pàápàá bí ó bá jẹ́ àgbà ló fi ìròyìn ránṣẹ́. Àwọn tó ń bi ìránṣẹ́ láyé àtijọ́ kò kà á sí àrífín. Wọ́n mọ̀ pé ẹyin lohùn. Ẹni tó bá béèrè kí ó tó balẹ̀, ó ti bá ẹni tó gbé e wá gbé e.