SSI: Owó Oṣooṣù Tí Amẹ́ríkà Ń San fún Arúgbó àti Akanda Ẹ̀dá Tí Kò Ní Lọ́wọ́

Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ arúgbó tí kò lówó, tí kò sì lọ́mọ tó lè bọ́ ọ, ilé àwọn òtòṣì ló ń bá ara rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1935, Ààrẹ Franklin Roosevelt bu ọwọ́ lu òfin Social Security. Owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ni àwọn èèyàn mọ òfin náà sí jù, ṣùgbọ́n ó tún ní apá tó kan arúgbó tí kò ní nǹkan kan, àti afọ́jú. Ní 1950, wọ́n fi àwọn tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ kún un. Ìjọba àpapọ̀ ń dá lára owó náà, àmọ́ nígbà náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tó máa san. Arúgbó méjì tí ìṣẹ́ wọn dọ́gba lè máa gba iye tó jìnnà síra gan-an, kìkì nítorí pé wọn kì í gbé ìpínlẹ̀ kan náà.

Ní 1969, Ààrẹ Richard Nixon dá a lábàá pé kí ìjọba àpapọ̀ máa fún àwọn ìdílé ọlọ́mọ tí owó kò ká ní iye kan pàtó. Àbá yẹn kú sọ́wọ́ ilé aṣòfin àgbà. Ohun tó yè nínú rẹ̀ ni ti arúgbó, afọ́jú àti akanda ẹ̀dá. Nixon bu ọwọ́ lù ú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1972, sísan rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1974: dọ́là 140 lóṣù fún ẹni kan, 210 fún tọkọtaya. Supplemental Security Income ni wọ́n sọ ọ́; SSI ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Bí ọjà bá ti ń wọ́n ni iye náà ń gòkè, ó sì ti di dọ́là 967 ní 2025. Ohun tí kò bá a gòkè ni ìwọ̀n ohun ìní tí òfin gbà kí èèyàn ní. Dọ́là 1,500 ni ní 1974. Ó di 2,000 ní 1989, ibẹ̀ ló sì jókòó sí láti ìgbà náà. Wọn kì í ka ilé tí èèyàn ń gbé àti ọkọ̀ kan mọ́ ọn, wọ́n sì fàyè gba dọ́là 1,500 tó bá yà sọ́tọ̀ fún ìsìnkú ara rẹ̀. Àmọ́ bí oṣù tuntun bá wọlé tí owó báńkì rẹ̀ fi dọ́là kan péré ju 2,000 lọ, owó oṣù yẹn bọ́ nìyẹn. Ìyà ni òfin yìí ń fi jẹ aláìní tó ń tu owó jọ nítorí àìròtẹ́lẹ̀, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ó tún ń fìyà jẹ ìgbéyàwó: ní 2025, ẹni méjì tí kò fẹ́ ara wọn lè gba 1,934 láàárín ara wọn, bí wọ́n bá di tọkọtaya, ó di 1,450.

Ní 1990, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Sullivan v. Zebley pé kí wọ́n máa yẹ ọ̀rọ̀ ọmọdé kọ̀ọ̀kan wò bí wọ́n ti ń yẹ ti àgbà wò. Àwọn ọmọ tó ń gba owó náà pọ̀ sí i, kí òfin 1996 tó tún fún un pa.

Òfin 1996 yìí, tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí, ló kan àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún jù. Ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìyá tí ọmọ mú wá láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá tọ́jú ọmọ-ọmọ, tó sì ní green card, kò lè gba SSI lásán. Àfi bó bá di ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí bí wọ́n bá lè ka iṣẹ́ bí ọdún mẹ́wàá sí i lọ́rùn lẹ́yìn tó ti lo ọdún márùn-ún. Títí dìgbà náà, owó tó ń wọlé fún ọmọ tó ṣe onídùúró rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí tìyá. Kódà tẹ́lẹ̀, oúnjẹ tí ọmọ ń bọ́ ìyá tó ti ń gba SSI jẹ́ owó tó ń wọlé fún un lójú òfin, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ dín SSI rẹ̀ kù. Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n tó yọ oúnjẹ kúrò nínú ìṣirò.

Àbá òfin kan ti dé iwájú àwọn aṣòfin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí ìwọ̀n ohun ìní gòkè sí dọ́là 10,000 fún ẹni kan, àti 20,000 fún tọkọtaya. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló gbé e wá, síbẹ̀ wọn ò tíì sọ ọ́ dòfin.