tíì

Ọ̀rọ̀-orúkọ, àyálò.

Ìtumọ̀
1. Igi Camellia sinensis, tàbí ewé rẹ̀ gbígbẹ.
2. Ohun mímu tí a fi omi gbígbóná rẹ láti inú ewé náà.
3. Ní ìlò ojoojúmọ́: ohun mímu gbígbóná tí a fi mílíìkì àti ṣúgà pò, títí kan Milo àti Bournvita tí a fi kòkó ṣe.

Orísun
Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Ṣáínà kan náà ni ó bí tíì àti shayi ti àwọn Hausa: èkíní gba orí òkun wọ Yúróòpù, èkejì gba ilẹ̀ Páṣíà àti ti Lárúbáwá kọjá. Méjèèjì pàdé ní Ìlọrin: a ń po tíì nílé, a sì ń rà á lọ́wọ́ máìṣáyì.

Ewé àti pípò
Igi kan náà ni tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé ti wá. Ọ̀mùnú àti ewé méjì tó tẹ̀ lé e ni a ń já, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Bí a bá lọ́ ewé náà mọ́ra tí afẹ́fẹ́ sì kàn án, yóò dúdú bí iṣu tí a bẹ tí a kò fi sómi. Bí a bá tètè fi iná kàn án, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí. Omi híhó ni ti dúdú, fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Omi tí kò tíì hó, tí ó gbóná dé nǹkan bí 80°C, ni ti aláwọ̀ ewé, fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tánnínì inú rẹ̀ á mú un korò, á sì mú ẹnu gbẹ.

Ìlò
*Po tíì* ni a ń sọ. *Se tíì* wà fún ewé tí a gbé kaná. Má ṣe ṣi í mú fún *tíì* inú gbólóhùn àìṣe: *Wọn kò tíì po tíì.* Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, *tíì dúdú* ni èyí tí kò ní mílíìkì, irú ewé yòówù kí ó jẹ́.

Àkíyèsí fún olùtumọ̀
*Ewé tíì* kì í ṣe ewé igi tíì. Koóko ọba ni, koríko olóòórùn dídùn tí a ń sè sínú àgbo ibà. Kò ní kaféènì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ìwé ìlera. Tánnínì inú tíì máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ, ìdí nìyí tí a fi ń gba aláboyún níyànjú pé kí ó má mu ún mọ́ oúnjẹ. Bí olùtumọ̀ bá kọ “Ẹ má mu tíì mọ́ oúnjẹ” lásán, aláboyún kan lè pa Milo tì, òmíràn lè pa koóko ọba tì, kí ẹni tó ń mu Lipton sì rò pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Kọ ọ́ báyìí: “Ẹ má mu tíì eléwé, irú Lipton, mọ́ oúnjẹ.”

Tún wo: àgbo, ìṣápá, kòkó, koóko ọba.