Ta Ló Ń To Ìbéèrè Sílẹ̀? Ìgbéléwọ̀n Ìmọ̀ Ẹ̀rọ àti Ìpinnu Ìjọba

Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbé yẹ̀ wò lọ́nà méjì ní Bírítéènì, ibi tí ọ̀nà méjèèjì já sí ní ọdún 2003 kò sì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ṣé kí àwọn àgbẹ̀ máa gbin irúgbìn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yí àbùdá rẹ̀ padà. Ọ̀nà kìíní ni ìjíròrò gbogbogbòò tí wọ́n pè ní GM Nation?. Ìpàdé 675 ni wọ́n ṣe káàkiri láàárín oṣù kẹfà sí ìkeje ọdún náà, fọ́ọ̀mù bí 37,000 ló sì padà wá. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó kọ ọ́ kò fẹ́ irúgbìn náà.

Inú oko ni ọ̀nà kejì ti wáyé. Nǹkan bí 200 oko ni wọ́n pín sí méjì-méjì: irúgbìn tuntun tí oògùn apakoríko kò lè pa wà lápá kan, èyí tí àgbẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wà lápá kejì. Wọ́n wá ń ka koríko, hóró koríko àti kòkòrò, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ oko ń jẹ nìyẹn. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù kẹwàá, wọ́n rí i pé àwọn nǹkan wọ̀nyí dín kù níbi tí bíìtì àti rape (ohun ọ̀gbìn elépo) tuntun wà. Ti àgbàdo yàtọ̀: ṣe ni wọ́n pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2004, Margaret Beckett, mínísítà ètò àyíká, kéde pé ìjọba gba àgbàdo náà láàyè pẹ̀lú májẹ̀mú, pé kò gba méjì yòókù. Èsì oko ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi àgbàdo tuntun wé? Atrazine ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń pa koríko nínú àgbàdo tiwọn nígbà ìdánwò náà, oògùn tó le gan-an, tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti fẹ́ fòfin dè. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí kò le tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò, bóyá èsì mìíràn ni ìbá jáde. Kí oṣù kẹta ọdún 2004 tó parí, Bayer tó ni irúgbìn náà ní òun kò ní tà á mọ́ ní Bírítéènì.

Ìjíròrò gbogbogbòò náà ní àbùkù tirẹ̀. Àwọn tó ti mú ìhà kan tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìpàdé. Àwọn olùṣètò mọ èyí, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn 77 tí kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ jọ lọ́tọ̀. Bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń mọ̀ sí i ni iyèméjì wọn ń le sí i.

Àwọn ará Denmark ti rí ọ̀nà kan ṣáájú. Ọdún 1987 ni ìgbìmọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn, tí wọ́n wá ń pè ní Teknologirådet, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àpérò aráàlú. Bí ènìyàn mẹ́rìnlá tí kì í ṣe onímọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n máa ń yàn. Wọ́n á fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́kọ̀ọ́, àwọn fúnra wọn á sì to ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi àwọn onímọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni agbára àpérò náà wà. Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ á dáhùn ní gbangba, aráàlú á kọ ìpinnu wọn, wọ́n á kà á sétí àwọn oníròyìn àti aṣòfin. Lẹ́yìn àpérò kìíní, ilé aṣòfin kọ̀ láti náwó sí yíyí àbùdá ẹranko padà nínú ètò ìwádìí wọn. Ti ọdún 1989 dá lórí fífi ìtànṣán pa kòkòrò inú oúnjẹ. Èròjà ọbẹ̀ gbígbẹ nìkan ni ilé aṣòfin gbà á láàyè fún.

Ọwọ́ àwọn onímọ̀ ni iṣẹ́ ìgbéléwọ̀n yìí wà ní Amẹ́ríkà. Office of Technology Assessment, tí òfin ọdún 1972 dá sílẹ̀ fún ilé aṣòfin, máa ń to àwọn ọ̀nà tó ṣeé gbà sílẹ̀ ni, kì í yàn fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1984, onímọ̀ físíìsì kan, Ashton Carter, kọ̀wé fún un lórí èrò Ààrẹ Reagan láti máa ti ojú òfuurufú dá ohun ìjà ọ̀tá dúró. Ó ní ààbò pípé jìnnà débi pé kò yẹ kí ìjọba gbé ètò lé e. Iléeṣẹ́ ètò ààbò ní kí wọ́n kó ìwé náà kúrò nílẹ̀, ọ́fíìsì náà kọ̀. Ilé aṣòfin pa ọ́fíìsì náà tì ní ọdún 1995. Denmark náà kò yọ sílẹ̀: ìgbìmọ̀ tiwọn kúrò lábẹ́ ìjọba, ó di àjọ aládàáni ní ọdún 2012.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2015 ló dá àjọ NBMA sílẹ̀ láti máa yẹ irú irúgbìn wọ̀nyí wò. Ní ọdún 2019, àjọ náà fọwọ́ sí ẹ̀wà tí àwọn onímọ̀ ní Zaria ṣe kí kòkòrò Maruca má baà jẹ ẹ́ run. Àgbàdo TELA, tí wọ́n yí àbùdá tirẹ̀ náà padà, jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni Ilé Aṣojú-ṣòfin tó ní kí wọ́n ṣèwádìí, nígbà tí ẹ̀wà ti wà lóko. Àgbẹ̀ lè gbin ẹ̀wà náà látinú ìkórè rẹ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn àgbàdo ni yóò máa rà lọ́dọọdún. Ìbéèrè owó nìyẹn, kì í ṣe ti kòkòrò, àgbẹ̀ àti alákàrà ló sì lè bi í dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n ti pè wọ́n jókòó kí ìwé ìyọ̀ǹda tó jáde.