Fọ́tò Ìparí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Calgary àti Ibi Tí Ó Ti Ṣẹ̀ Wá

Fọ́tò ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni àwòrán tí ọmọ tó wà ní kíláàsì kejìlá máa ń yà kí ó tó kúrò nílé ìwé. Ní Calgary, ní ìpínlẹ̀ Alberta lórílẹ̀-èdè Kánádà, oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ilé ìwé ṣètò: àwọn ayàwòrán á gbé iná wá sínú gbọ̀ngàn, wọ́n á ta aṣọ sẹ́yìn, ọmọ kọ̀ọ̀kan á wọ aṣọ ìgboyè, á jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì tẹ ojú rẹ̀ sínú ìwé ìrántí ọdún. Èkejì ni èyí tí ìdílé fi owó ara wọn pe ayàwòrán sí, tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí ibi tí wọ́n ń lọ, aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀ àti ohun tí yóò mú dání, kí àwòrán náà lè fi irú ẹni tí ó jẹ́ hàn.

Ìtàn oríṣi kejì yìí fọ́n káàkiri. Àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kà á sí ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn láìpẹ́ yìí. Àwọn tó sì kọ ìtàn sítúdíò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í sábà dárúkọ ilé ìwé. Tí a bá ka tibí ká ka tọ̀hún, a ó rí i pé kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni èèyàn ti ń yan bí òun ṣe fẹ́ kí ayé rí òun. Ohun tó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ: ilé ìwé ni o, òbí ni, ayàwòrán ni, àbí ọmọ fúnra rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni àṣà fọ́tò ìparí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe girama. Láàárín ọdún 1850 sí 1860 ní Boston, John Adams Whipple ń ya àwọn tó ń jáde ní Harvard lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń to àwòrán wọn sínú álíbọ́ọ̀mù. George Kendall Warren wá sọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di òwò ńlá káàkiri àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìlànà tuntun ló là á lọ́nà fún wọn. Daguerreotype, fọ́tò orí irin tó ṣáájú rẹ̀, kò ní ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, ẹni tó bá fẹ́ méjì á jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n láti ara gíláàsì kan tí wọ́n fi ya àwòrán, wọ́n lè tẹ ẹ̀dà sórí pépà tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a ra ti ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ a ra tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé di èyí tó lè tẹ fọ́tò mọ́ ọ̀rọ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé-ẹ̀kọ́ girama náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwé ìrántí ọdún tiwọn.

Ohun kan wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn tí àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lé lórí: kí ló dé tí ojú àwọn ọmọ àtijọ́ fi le koko? Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì California ní Berkeley kó fọ́tò 37,921 jọ láti inú ìwé ìrántí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti 1905 títí dé 2013. Wọ́n rí i pé ẹ̀rín ń pọ̀ sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àti pé àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín ju ọkùnrin lọ. Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé kámẹ́rà ayé ìgbà náà ń pẹ́, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rín lè dúró lẹ́nu rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àlàyé yìí ò dúró, nítorí pé nígbà tó fi máa di 1905, kámẹ́rà kì í pẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn ní eyín jíjẹrà ni wọ́n ń fi pamọ́. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ fún àgbàlagbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ńkọ́? Èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti olùwádìí Christina Kotchemidova, tó kọ̀wé ní 2005 pé ìpolówó ọjà ilé-iṣẹ́ Kodak ló kọ́ àwọn èèyàn pé ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ fọ́tò. Láti 1900 ni Kodak ti ń ta kámẹ́rà Brownie ní dọ́là kan, inú àwọn èèyàn tó wà nínú àwòrán ìpolówó rẹ̀ sì máa ń dùn ṣáá.

Ẹ̀rí pé àṣà ni, kì í ṣe kámẹ́rà, ló ń pinnu ẹ̀rín wà ní ilẹ̀ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í pè é wá jẹ́rìí. Ní 1975, Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, lọ ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978 nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts. Kámẹ́rà tí àwọn ayàwòrán Ìlá ń lò yára dáadáa, síbẹ̀ ẹni tó bá wá ya fọ́tò iyì kì í rẹ́rìn-ín. Á wọ aṣọ tó níyì jù lọ, á jókòó kọjú sí kámẹ́rà gangan, á ya ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ kí wọ́n sì rí iṣẹ́ ara rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé itan. Ayàwòrán á rí i dájú pé òun mú un láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú á balẹ̀, á dà bíi pé ó ń wo ohun kan lókèèrè. Sprague so èyí mọ́ ohun tí Robert Farris Thompson, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ti kọ nípa ère gbígbẹ́: kí ère jọ ẹni tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àmọ́ kí jíjọ náà má pọ̀ jù, kí wọ́n sì gbé onítọ̀hún jáde bí ẹni tó wà ní ìgbà tí ara rẹ̀ le jù.

Ibi tí Ìlá ti kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù nípa ètò fọ́tò ni ọ̀rọ̀ ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, ayàwòrán á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, tí wọ́n á fi dà bí méjì tó jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ kan náà á wọ aṣọ ọkùnrin, wọ́n á yà á. Á pàrọ̀ sí ti obìnrin, wọ́n á tún un yà. Ìyá, ayàwòrán àti ẹni tó ń tẹ fọ́tò gbọ́dọ̀ ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí kámẹ́rà tó ṣí. Kò sí sítúdíò kan ní Calgary tó ń ṣe ètò tó jìn ju èyí lọ.

Sítúdíò ti pẹ́ ní Èkó kí Ìlá tó ní tirẹ̀. Neils Walwin Holm, ọmọ Accra, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. George da Costa, tí wọ́n bí ní 1853, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní nǹkan bí 1895. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tètè gba sítúdíò mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́. Ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, Seydou Keïta ṣí sítúdíò ní 1948. Aṣọ ìbùsùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Ó ní kóòtù, táì, aago ọwọ́, rédíò àti Vespa tí wọ́n lè yá, ó sì lẹ àwọn fọ́tò tó ti yà mọ́ ògiri kí ẹni tó wọlé lè tọ́ka sí ìdúró tó wù ú. Malick Sidibé tó tẹ̀ lé e gba àwọn ọ̀dọ́ láyè láti gbé àwo orin àti alùpùpù tiwọn wá. Samuel Fosso, tí wọ́n bí ní Cameroon ní 1962, tí wọ́n tọ́ láàárín àwọn Igbo ní Nàìjíríà, ló lọ jìnnà jù. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà tó ṣí sítúdíò tirẹ̀ ní Bangui, ní orílẹ̀-èdè Central African Republic, ní 1975. Ní alẹ́, bí fíìmù bá kù díẹ̀ kó tán lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́, á wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti bàtà gíga, á ya ara rẹ̀. Bí a bá ń wá ọmọ girama tó kọ́kọ́ pinnu fúnra rẹ̀ irú ẹni tí kámẹ́rà máa sọ pé òun jẹ́, Fosso súnmọ́ ọn ju ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilé ìwé ló rán an níṣẹ́.

Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Yorùbá, fọ́tò ẹgbẹ́ ló jọba fún ìgbà pípẹ́: ọ̀gá ilé ìwé á wà láàárín, àwọn olùkọ́ á wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ á tò sẹ́yìn. Ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC lọ.

Ní ti Calgary, ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà ní 1883, kò sì pẹ́ rárá tí William Hanson Boorne àti Ernest May fi dá sítúdíò sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Central Collegiate, ilé olókùúta iyanrìn, ṣí ní 1908. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, orí àti èjìká níwájú ògiri tí kò ní nǹkan lára ni fọ́tò ìparí, bó ṣe rí níbi gbogbo ní àríwá Amẹ́ríkà.

Ilé-iṣẹ́ ńlá ló wá sọ ọ́ di ọ̀kan náà. Ní 1936 ni wọ́n dá National School Studios sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, tí orúkọ rẹ̀ padà di Lifetouch. Shutterfly rà á ní 2018. Lábẹ́ irú ètò yìí, ilé ìwé bá ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe àdéhùn fún gbogbo ọmọ, òbí sì ra ẹ̀dà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Nínú irú fọ́tò báyìí ní Amẹ́ríkà, ohun tí ojú rí kọ́ ló wà níbẹ̀. Aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dúdú tó dà bíi pé ó jẹ́ aṣọ àríyá lára ọmọbìnrin, ìró lásán ni, wọ́n fi ohun ìgbámú há a lẹ́yìn, síńgílẹ́ẹ̀tì àti jíǹsì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kóòtù àti táì ọmọkùnrin, iwájú nìkan ló ní. Ẹni tó bá bọ́ ọ á gbé e fún ẹni tó kàn. Àwọn kan ń yìn ín pé kò jẹ́ kí ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe é débi pé ọmọ kan ò yàtọ̀ sí èkejì rárá, èyí ló sì lé àwọn ìdílé jáde síta.

Láti ọdún 1970 síwájú ni jíjáde síta náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí fíìmù aláwọ̀ ti dínwó tí iná kámẹ́rà sì ti ṣeé gbé rìn. Kánádà tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àkókò tirẹ̀ yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà ẹ̀rùn tó ṣáájú ọdún ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ ń yà á. Ní Calgary, oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ló wọ́pọ̀, nítorí pé ìgbà yẹn ni aṣọ àríyá ìparí ti wà nílẹ̀, kó tó di pé ìdánwò ìpínlẹ̀ gba ọkàn ọmọ.

Ìmọ́lẹ̀ ni ayàwòrán Calgary fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò. Ìlú náà jìn sí àríwá tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn oṣù kẹfà ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, tí ti oṣù kejìlá sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà tó ń bu ẹwà kún awọ ara kì í dé kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó kọjá ní ìgbà ẹ̀rùn, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun kó tó jáde nílé. Yìnyín lè bọ́ ní oṣù karùn-ún. Chinook, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti orí àwọn òkè Rocky wá, lè yọ́ yìnyín ìgbà òtútù láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè ṣí gèlè tí wọ́n lò tó ogójì ìṣẹ́jú láti wé.

Ibi tí wọ́n ń lọ pọ̀. Afárá Peace Bridge aláwọ̀ pupa tí Santiago Calatrava yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2012, dára fún ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ, àmọ́ èrò kì í tán lórí rẹ̀. Nose Hill ní pápá gbalasa tí gbogbo ilé gíga àárín ìlú hàn lẹ́yìn rẹ̀. Fish Creek ní igi àti odò. Ilé-ìkàwé ńlá tó ṣí ní 2018 ni àwọn ọmọ tó ń kàwé ń yàn, tàbí àwọn tí òbí wọn fẹ́ kí ayé rò pé wọ́n ń kàwé.

Àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ìlú náà ní ìṣòro tiwọn. Bàbá ń fẹ́ aṣọ ìgboyè, ìyá ń fẹ́ aṣọ òkè, ọmọ ń fẹ́ bàtà kẹ́ḿbísì. Bí ọmọ bá dá wà lọ́dọ̀ ayàwòrán, ó á sọ tẹnu rẹ̀. Bí òbí bá jókòó tì í, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” ló máa gbẹ̀yìn gbogbo ìbéèrè. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán tó mọṣẹ́ fi ń bi ọmọ léèrè lọ́tọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Aṣọ tí òbí fẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà, nígbà tí ara ọmọ ṣì yá gágá. Èyí tí ọmọ fẹ́ ló ń kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni fọ́tò tó dára jù ti sábà máa ń wá. Ní ti ohun ìmúlọ́wọ́, ọ̀pá họ́kì tó ti gbó tàbí gángan tí ọmọ ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ ju gìtá tuntun tí wọ́n yá lọ. Àwọn tó ní kí ọmọ má mú nǹkan kan dání rárá kò rí fọ́tò Keïta rí.

Ní oṣù kẹta 2020, Alberta ti ilé ìwé pa nítorí àrùn kòrónà, ayẹyẹ ìparí sì dàwátì, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìdílé ya fọ́tò ìparí níwájú ilé ara wọn. Láti ìgbà náà, fóònù ti gba apá kan iṣẹ́ náà, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣẹ̀dá ojú èèyàn sínú aṣọ tí kò wọ̀ rí náà sì ti dé. Fọ́tò aláṣọ ìgboyè nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ṣì ń tẹ̀ sí ojú ewé àwọn tó ń jáde nínú ìwé ìrántí ọdún. Fọ́tò tí ìdílé ṣètò fúnra wọn, ara ògiri pálọ̀ àti orí WhatsApp àwọn ìbátan ní Nàìjíríà ló ń lọ.